Òórùn Inú Yàrá Àwọn Oníròyìn

Ilẹ̀kùn náà padé láìfá ilẹ̀. Obìnrin afinimọ̀nà náà wẹ̀yìn láti orí àtẹ̀gùn. Àlejò tó kẹ́yìn ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ tipẹ́. Ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ yìí ti wọ́. Bí èèyàn ò bá kọ́kọ́ fọwọ́ gbé e sókè díẹ̀, á fá ilẹ̀ débi pé eyín á kan ẹni tó gbọ́ ọ. Àlejò kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ obìnrin náà ló mọ̀ ọ́n, ọkọ rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà òjò.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń mú èèyàn rìn káàkiri ibi tí gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ìlú náà ti ṣiṣẹ́ ìròyìn nígbà èwe rẹ̀. Aya a máa ṣíwájú, a máa sọ̀tàn. Ọkọ, tí orúnkún ń dà láàmú, a máa kẹ́yìn, a máa ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọkọ dùbúlẹ̀ àìsàn, aya bẹ̀ ẹ́ pé, "Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀run, ẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ̀."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n gbé e sínú ìwé ìròyìn ni?"

Látìgbà tí ọkọ ti kú ni aya ti ń dúró. Kò rí àlá, kò rí àmì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ó ti fi kóòtù han àwọn àlejò rẹ̀, níbi tí òǹkọ̀wé náà ti kọ́ bí a ṣe ń sáré kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ó ti fi àgbàlá ìtẹ̀wé hàn wọ́n, níbi tí ọ̀gá ti lé e jáde nítorí pé ó kéde ikú ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n ti rẹ́rìn-ín dáadáa. Wàyí o, wọ́n wọ yàrá àwọn oníròyìn lókè, ó sì sọ ìtàn tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù.

"Tábà ni òǹkọ̀wé wa máa ń fà níbí. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò. Ẹ fa imú, ẹ gbọ́ ọ."

Irọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ló hùmọ̀ rẹ̀, kí àwọn tí ẹsẹ̀ ń ro lè gbàgbé ẹsẹ̀. Àlejò tó bá lójú àánú á mi orí pé òun gbọ́ ọ.

Wọ́n fa imú.

"Màmá, èyí kì í ṣe tábà o," ni bàbá arúgbó kan wí. "Ìpara oríkèé ni."

"Ó ní káfúrà nínú," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Àti ayù. Ta ló máa fi irú èyí para tí aya rẹ̀ ò ní sá kúrò nílé?"

Ọ̀rọ̀ tí afinimọ̀nà náà máa ń sọ fún ọkọ tirẹ̀ gan-an nìyẹn, bó bá ń fi ìpara pa orúnkún fún un.

Ó fa imú. Eruku ló gbọ́. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó tún fa imú. Eruku náà ni.

"Ṣé ó ṣì wà?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ó wà, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀ yẹn ló ti le jù."

Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn. Òun ló kẹ́yìn. Ó fi í sílẹ̀ gbayawu, ó bọ́ sójú títì.

"Ẹ bá mi tì í," ló wí jẹ́jẹ́, kò sì wẹ̀yìn.

Ilẹ̀kùn náà padé láìfá ilẹ̀.