Ọkọ Láti Apá Texas

Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan ni Rayanne Tuttle kan ilẹ̀kùn Wendell Gaither. Kì í ṣe ọkọ ló ń wá. Ìwé ìbéèrè ló gbé dání. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lọ láti ilé dé ilé ní Texarkana, kó máa bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n ní káàdì ìlera ìjọba, ìgbà tí wọ́n rí dókítà kẹ́yìn, àti àìsàn tó ń bá wọn fínra.

Ìlú kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n títì kan là á sí méjì. Apá ìlà-oòrùn jẹ́ ti Arkansas, apá ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ti Texas. Ní Arkansas, ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan lè gba káàdì. Ní Texas, àgbàlagbà tó ṣì lè ṣiṣẹ́, tí kò sì ní ọmọ kékeré nílé, kò lè rí i gbà, bó ti wù kó tálákà tó. Àwọn tó rán Rayanne níṣẹ́ fẹ́ mọ bí ara àwọn èèyàn apá méjèèjì ṣe rí, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra.

"Ẹ ní káàdì?"

"N kò ní."

"Àìsàn kankan ńkọ́?"

"Ìtọ̀ ṣúgà. Ọdún kẹsàn-án rèé."

"Ìgbà wo lẹ rí dókítà kẹ́yìn?"

Wendell fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì họ irùngbọ̀n. Ẹ̀rọ ìgékoríko ló máa ń tún ṣe. "Ọdún tí wọ́n kun ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́dà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀."

Rayanne kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ohun tó yẹ kó kọ.

"Ìyáàfin, ṣé ẹ kì í rẹ́rìn-ín ni, àbí àwọn ọ̀gá yín ni ò fún yín láyè?"

"Mo máa ń rẹ́rìn-ín."

"Ìgbà wo lẹ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn?"

Rayanne ká ìwé rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì kọjá sí ilé kejì.

Carlene, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n sin ní oṣù kẹta ọdún náà. Apá Texas ni Carlene ń gbé, ilé oúnjẹ ló ti ń ṣe alásè. Ó rí kókó kan lọ́mú, ó sì fi pamọ́ fún ọdún méjì nítorí kò ní káàdì. Ìgbà tí ìrora gbé e dé ilé ìwòsàn, jẹjẹrẹ náà ti wọ egungun. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín ni Rayanne wọ ilé obìnrin kan ní apá Arkansas, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì bíi Carlene, tí òun náà rí kókó lọ́mú. Dókítà ti tètè yọ tirẹ̀. Obìnrin náà ń bó ẹ̀wà tútù, ó sì fi tíì lọ Rayanne.

Rayanne mu tíì náà. Ó kọ èsì obìnrin náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan pa dé nínú rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kí aládùúgbò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ̀ lára.

Wendell kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ilé rẹ̀ kàn, ó bá a gé koríko iwájú ilé láìgba àṣẹ. Nígbà tó yá, wọ́n jọ ń jẹ ẹja díndín ní gbogbo ọjọ́ Fúráìdeè. "Ayaba Ìbéèrè" ló ń pè é. Rayanne fẹ́ràn kó jókòó tì í. Kò fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ fún un.

"Wendell, mo mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò kàn mọ̀ ọ́n lára ni."

"Kò burú, olólùfẹ́ mi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì rèé, bí o fi abẹ́rẹ́ gún wọn, mi ò ní mọ̀. Mo ṣì ń fi wọ́n rìn."

Rayanne wo ẹsẹ̀ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ibi tí ẹsẹ̀ tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kú máa ń já sí.

Nígbà tí Wendell ní kó fẹ́ òun, ó fèsì lójú ẹsẹ̀. "Kó ẹrù rẹ wá sọ́dọ̀ mi ní apá Arkansas. Gba káàdì, lọ rí dókítà. A ó ṣègbéyàwó."

"Màámi ò ní gbà."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá náà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Opaline Gaither, òun àti Wendell nìkan ló sì ń gbé ilé náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn títí dé òpin kó tó la ẹnu.

"Bàbá ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí. Àwọn Gaither kì í sọdá títì lọ tọrọ."

"Ìyá, ẹ̀yin náà ní káàdì tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn àgbà. Ṣé ẹ tọrọ ẹ ni?"

"Mo ṣiṣẹ́ fún un."

"Wendell náà ń ṣiṣẹ́."

Opaline yí sí ọmọ rẹ̀. "Obìnrin tó ń ka èèyàn bí ẹni ń ka adìẹ, ṣé irú ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ èèyàn?"

Rayanne gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà dun òun. Kò dùn ún. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Wendell sìn ín dé iwájú ilé. "Má fi ìyá mi dán mi wò, Rayanne."

"Mi ò dán ọ wò. Mo ti sin ẹnìkan ní apá ibí. Mi ò lè sin èkejì."

"Bí mi ò bá sọdá, ó parí nìyẹn?"

"Ó parí."

Wendell wọlé, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́. Rayanne wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé, ó sì fọ aṣọ tó wà nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọjá tí wọn ò gbúròó ara wọn. Ní oṣù kẹjọ, Opaline fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà Rayanne.

"Wendell tẹ ìṣó. Ó fi rìn káàkiri ilé títí mo fi rí ẹ̀jẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní kò dun òun. Ọjọ́ kẹjọ ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn."

"Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, Ìyá. Wọn kì í lé ẹni tí ọ̀ràn ẹ̀ le báyẹn."

"Mo ti gbé e lọ. Wọ́n ti gé ìka méjì. Ọ̀la ni wọ́n máa ní kó máa lọ, pẹ̀lú ìwé oògùn tí agbára rẹ̀ kò ká." Ó di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin. "Mo sọ pé àwọn Gaither kì í sọdá. Ẹnu lásán ni. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, mú un sọ́dọ̀ rẹ."

Rayanne fà á wọlé, ó fún un ní tíì tútù. Ó bá a di ife náà mú títí ìyá náà fi mu ún tán.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, Wendell kọ̀, kò wò ó lójú. "O wá kà mí kún àwọn tó wà nínú ìwé rẹ ni?"

"Mo wá mú ọ lọ."

"Èmi ò tọrọ o."

"Mo mọ̀. Ìyá rẹ ló tọrọ. Ìka mẹ́jọ ṣì kù, dìde."

Wendell kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Rayanne bá a kọ ìwé, káàdì dé, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà jinná díẹ̀díẹ̀. Ní òpin oṣù kẹwàá, wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì adájọ́ ní apá Arkansas. Opaline dé fìlà aláwọ̀ ewé, ó jókòó síwájú. Rayanne dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í. Ó ń retí pé inú òun máa dùn bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tó wù ú kó wà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Opaline padà sílé.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ," ni Wendell wí. "Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ wa."

"Tèmi ò ṣófo níbí. Mo ní káàdì tèmi, mo ní ilé mi. Ẹ máa lọ, àwọn ọmọ mi. Ẹ tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn." Ó gun àtẹ̀gùn nìkan, ó ṣílẹ̀kùn, kò sì wẹ̀yìn.

Iná pupa dá wọn dúró ní títì ààlà. Wendell bo ojú. Ó ń sunkún láìpariwo, èjìká rẹ̀ ń mì. Iná náà yí sí àwọ̀ ewé, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fọn fèrè, òmíràn náà fọn.

Rayanne kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ó na ọwọ́, ó fa orí ọkọ rẹ̀ mọ́ èjìká ara rẹ̀.

"Fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n máa fọn ọ́n," ni ó wí.