Ẹ Jẹ́ Kí Koríko Gbẹ Kí Ẹ Tó Lọ Wo Erin

Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà ní iwájú ilé náà, àga onítìmùtìmù kan sì wà láàárín wọn. Orí àga yìí ni Bàbá Rédíò máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, á máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ni bàbá fi tún rédíò ṣe kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Kì í ṣe pé ojú náà fọ́. Ọ̀ọ́kán nìkan ló ń rí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ti ṣókùnkùn. Bí ó bá fẹ́ mu omi, ó ní láti yí gbogbo orí kó tó rí ife. Dókítà sì ti sọ fún un pé ìríran tó ti lọ kò ní padà wá, ó sì fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú lálaalẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá ní òun fẹ́ rí kí èyí tó kù tó lọ: erin. Ó gbọ́ igbe rẹ̀ nínú rédíò nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n kò fojú kàn án rí.

"Ìròyìn ò tó àfojúbà," ló máa ń sọ.

Nítorí náà, nígbà tí arákùnrin kan tó ń kó èèyàn lọ wo ẹranko nínú igbó wá sọ fún aránṣọ pé ọkọ̀ òun ń lọ ní oṣù tó ń bọ̀, àyè méjì péré ló sì kù, kíá ni aránṣọ ní kó kọ orúkọ àwọn sílẹ̀. Ó kàn bi í bóyá òjò kò ní dí wọn lọ́wọ́.

"Ibo ni ẹranko fẹ́ lọ?" ni arákùnrin náà fèsì. "Inú igbó ni ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn o, òjò o, bákan náà ni."

Ọjọ́ kejì ni Bàbá Ẹ̀ṣọ́ wá gba ṣòkòtò rẹ̀ tó ní kí wọ́n bá òun gé kúrú. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣọ́ igbó ẹranko kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Rédíò kò jẹ́ kó jókòó tán tó fi ròyìn fún un.

"Oṣù tó ń bọ̀ kẹ̀?" Bàbá Ẹ̀ṣọ́ gbé ṣòkòtò náà lé itan. Ó kọjú sí aránṣọ. "Ọmọ mi, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Nínú òjò, koríko ibẹ̀ á ga ju ọkọ̀ lọ. Omi á wà níbi gbogbo, kò sí ẹranko tó máa tìtorí omi lọ sójú kan. Wọ́n á fọ́n káàkiri. Erin lè dúró níbi tí ògiri yẹn wà, kí o má rí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká kò rí i, áḿbọ̀sì ẹni tó ń fi ọ̀ọ́kán nìkan wòran."

"Ìgbà wo ló wá dáa?"

"Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko á ti gbẹ, á ti wó lulẹ̀. Gbogbo wọn á máa rọ́ lọ sí ìdí omi tó kù. O kàn máa dúró jẹ́ẹ́ ni, àwọn ni yóò máa tọ̀ ọ́ wá. Igbó tí mo mọ̀ ni mò ń sọ o. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹyẹ ni wọ́n ń lọ wò níbẹ̀, àsìkò òjò gan-an ló sì dùn. Béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì igbó náà fúnra rẹ̀ kó o tó dá ọjọ́."

Aránṣọ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Oṣù mẹ́fà nìyẹn, bàbá. Bí ojú yìí bá kú kó tó dìgbà náà ńkọ́?"

Bàbá Ẹ̀ṣọ́ ká ṣòkòtò náà. "Ìyẹn ju ìmọ̀ mi lọ," ó wí. "Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ."

Wọ́n lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ wọn bí omi inú ojú bàbá ṣe ń ti ojú náà lágbára tó. Ó wo ìwé, ó tún un wọ̀n.

"Bàbá, ó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ń kán oògùn yín lálaalẹ́?"

Aránṣọ fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"N kì í kán an lójoojúmọ́," ó wí. "Ó máa ń ta mí lójú. Mo sì rò ó pé kí ló kù tí mò ń tọ́jú."

Ọmọ rẹ̀ yíjú wò ó. Nọ́ọ̀sì kò bá a jà. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Èyí tó lọ ti lọ, bàbá. Ṣùgbọ́n oògùn yìí ló ń di èyí tó kù mú. Tí ẹ bá ń kán an láì pa ọjọ́ kan jẹ, ìrètí wà dáadáa pé ẹ̀ẹ̀rùn á bá ojú yín níbi tó wà yìí. Tí ẹ ò bá kán an, n ò lè fi oṣù tó ń bọ̀ pàápàá dá yín lójú. Màá bá dókítà sọ̀rọ̀, bóyá òmíràn wà tí kò ní máa ta yín."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, bàbá ní, "Jẹ́ ká dúró de ẹ̀ẹ̀rùn."

"Oògùn ńkọ́?"

"Màá kán an."

Ó sì kán an. Ó gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sí ọ̀ọ́kán ibi tó ń jókòó, á sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ti kán an. Nígbà tí wọ́n padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nọ́ọ̀sì wọn ojú náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti wálẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọn ì bá bá lọ nínú òjò lọ láìsí wọn. Oníbàárà aránṣọ kan wà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ gbé ọkọ̀ náà mì dé ìdajì táyà, omi sì bo afárá tó yẹ kí wọ́n gbà padà.

"Ìdí ẹtu kan la rí," ni obìnrin náà wí. "A ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ẹtu ni."

Ibà dá a dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa oògùn ibà kó tó lọ.

Aránṣọ fi tiẹ̀ kọ́gbọ́n. Nígbà tó ku oṣù kan àti ààbọ̀ kí wọ́n lọ, òun àti bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn wò, wọ́n sì kọ oògùn tó ń dènà ibà fún wọn, èyí tí wọn yóò lò kí wọ́n tó lọ, nígbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá dé. Aṣọ pupa roro tí aránṣọ ti rán sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà nìkan ni Bàbá Ẹ̀ṣọ́ kọ̀.

"Erin ò pè ọ́ síbi ìgbéyàwó," ó wí. "Wá aṣọ tó jọ àwọ̀ koríko gbígbẹ."

Ọ́fíìsì igbó náà ló fún wọn ní amọ̀nà, obìnrin kan tó ní ìwé àṣẹ. Agogo mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tó wa ọkọ̀ dé ìdí omi kan, tó sì pa ẹ́ńjìnnì. Koríko ti wó lulẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń retí.

Bàbá Rédíò ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ohùn jíjinlẹ̀ kan, bíi ti rédíò tí wọ́n tàn tí kò tíì mú ilé iṣẹ́ rédíò kankan.

"Wọ́n ti dé," ó wí.

Erin mọ́kànlá ló jáde, ọmọ kékeré kan wà láàárín wọn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ti ń mu omi, níbi tí bàbá kò ti ríran. Ó yí orí, irin fèrèsé dí i. Aránṣọ gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn kó lè mú un sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má ṣí i," ni amọ̀nà wí wẹ́lẹ́. "Ìyá ọmọ yẹn ti ń na etí. Tí ẹsẹ̀ yín bá kan ilẹ̀, ọ̀tá ni yóò kà yín sí. Ẹ ní sùúrù. Iwájú wa yìí ni wọ́n máa ń gbà padà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí wọ́n fi dúró. Lẹ́yìn náà ni àwọn erin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá níwájú ọkọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀ọ́kán gan-an. Bàbá ń fi ètè kà wọ́n. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn kọjá tán, bàbá ṣì ń wo ibi tó gbà.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i?"

"Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí," ni bàbá wí. "Mo rí erin. Mo rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ẹranko igbó, ẹ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì igbó náà léèrè àsìkò tí ohun tí ẹ fẹ́ rí máa ń jáde. Ẹ má fi ti ẹni tó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ òun kún ṣe. Ẹ tètè dé ilé ìwòsàn, ó kéré tán oṣù kan kí ẹ tó gbéra, nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn ibà. Àgbàlagbà ní láti rí dókítà. Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa jáde, pẹ̀lú amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bí kò bá ní kí ẹ sọ̀, ẹ má sì ju oúnjẹ sí ẹranko kankan, bó ti wù kó rí bí ẹran ilé tó.

Ẹ̀yin tí wọ́n sì fún ní oògùn ojú, ẹ má pa ọjọ́ kan jẹ. Bó bá ń ta yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà dípò kí ẹ dákẹ́. Ìríran tó kù, bó ti wù kó kéré tó, ohun àtọ́jú ni.