Àgbò Wa Ń Fẹsẹ̀ Méjì Rìn

Tuda ni orúkọ ọmọ náà. Orí òkè Àtìlásì ni ilé wọn wà.

Láràárọ̀, Bàbá máa ń so okùn sálúbàtà Tuda. Kókó kan. Kókó kejì. Á wá gbá a pẹ́pẹ́. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọjọ́ kejì Iléyá, Tuda jí. Bàbá dà? Kò sí Bàbá. Awọ àgbò tí wọ́n sá sórí òrùlé dà? Kò sí awọ.

Èwo rèé? Ó rú Tuda lójú.

Tuda so sálúbàtà fúnra rẹ̀. Kókó náà rí wọ́gọwọ̀gọ.

Gbìm! Gbìm! Gbìm! Ariwo sọ níta.

"Bilimáwùn dé o! Ẹ sá!"

Tuda yọjú. Yéè! Àgbò wọn ni! Àgbò dúdú onídìí funfun tí wọ́n pa lánàá! Ó ń fẹsẹ̀ méjì rìn. Èédú bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ó jí búrẹ́dì Ìyá Àgbà. Ó fi pátákò gbá olórí abúlé nídìí. Pó!

"O ṣeun o!" ni olórí abúlé wí.

O ṣeun kẹ̀? Ó tún rú Tuda lójú.

"Ìyá Àgbà, ó jí búrẹ́dì yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín!"

"Bilimáwùn tó ń jáde lẹ́yìn Iléyá lọ́dọọdún nìyẹn. Ìre ló ń pín, ọmọ mi. Ẹni tó bá gbá, ara onítọ̀hún á le."

"Ṣé àgbò ni àbí èèyàn?"

"Èmi ò mọ̀ o. Lọ bi í."

"Ṣé ó ti gbé Bàbá mi mì?"

"Hùn! Ikùn rẹ̀ ò kéré o."

Tuda bú sẹ́kún. Kò fẹ́ búrẹ́dì. Kò fẹ́ ìre. Bàbá rẹ̀ ló ń fẹ́.

Ó jáde síta. Ó na ìka sí Bilimáwùn.

"Ìwọ! Pọ Bàbá mi jáde!"

"Bẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Bilimáwùn gbá tì í. Tuda sá! Kókó tú! Gbàà! Tuda ṣubú.

Bilimáwùn dúró. Ó kúnlẹ̀. Ó mú okùn sálúbàtà.

Kókó kan. Kókó kejì. Pẹ́pẹ́.

Tuda wo ọwọ́ náà. Ó mọ ọwọ́ náà dáadáa.

"Bàbá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í pariwo?"

"Ṣìì! Òní nìkan ni. Má sọ fẹ́nì kankan."

"Mi ò ní sọ. Ẹ gbá èmi náà!"

Pó!

Inú Tuda dùn jọjọ. Ó sáré lọ bá àwọn ọmọ yòókù. "Bilimáwùn dé o! Ẹ sá!" Kò sẹ́ni tó pariwo tó o.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta Iléyá, Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó mú okùn sálúbàtà Tuda. Kókó kan. Kókó kejì. Pẹ́pẹ́.

Irun àgbò kan wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Tuda yọ ọ́.

"Bẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni Bàbá wí, jẹ́jẹ́.