Òrùlé Tí Ovide Kàn fún Zelie

Ẹ ti fura, ìfura yín ò sì ṣìnà: ọkùnrin tó ń pariwo jù lọ lórí òfin òrùlé tuntun náà ló máa lọ fẹ́ràn obìnrin tí wọ́n rán wá láti mú un ṣẹ. Bí ìfẹ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ibi tí èèyàn bá na ìka sí pé òun ò ní débẹ̀ láéláé, ibẹ̀ náà ni ìfẹ́ ti máa ń tẹ́ ẹní dè é.

Ovide Lirette ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tà létí odò Saule, ní ìsàlẹ̀ Lúìsíánà, níbi tí ilẹ̀ ti ń tán tí òkun ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún dáadáa, kò gbéyàwó rí, inú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó ní túbọ̀mu tó máa ń fi òróró pa, ó ní fìlà funfun kan, ó sì ní ohùn. Ohùn yẹn ló fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ láàárín gbólóhùn, bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn. Irọ́ ni, ohùn ara rẹ̀ ló ń tẹ́tí sí.

Nítorí ohùn yìí ni wọ́n ṣe fi í jẹ alága àwọn onílé nígbà tí nǹkan le. Nǹkan sì le lóòótọ́. Lẹ́yìn ìjì tó kọjá, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ́ kù sọ owó di ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ níwájú arúgbó, ó sì fi kún un pé ilé tí kò bá ní òrùlé òfin tuntun kí oṣù Karùn-ún tó parí, kó lọ wá ẹlòmíràn. Ilé tí kò sì ní adójútòfò, báńkì tó yáni lówó lórí rẹ̀ ò ní dákẹ́. Ovide ti yáwó lórí tiwọn láti gbé e sókè sórí òpó, kúrò lọ́wọ́ omi. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ò lọ́jú pọ̀: bí òrùlé ò bá yẹ, ilé á bọ́ lọ. Bí ilé bá sì bọ́ lọ, ibo ni Màmá Leontine, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún, á máa gbé?

Lọ́jọ́ ìpàdé tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn, Ovide ṣí fìlà, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìjì mẹ́rin ló ti gba orí ilé bàbá mi kọjá, kò mú páànù kan lọ. Àwọn tó ń gbé òkè réré, tí wọn ò rí ìjì rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ni wọ́n wá ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó? Olùyẹ̀wò kankan" (ó dákẹ́ díẹ̀) "kò ní fẹsẹ̀ tẹ òrùlé mi nígbà tí mo wà láàyè!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Ariwo àtẹ́wọ́ náà ṣì wà létí rẹ̀ nígbà tó délé, tó gbójú sókè, tó rí olùyẹ̀wò lórí òrùlé rẹ̀.

"Ta nìyẹn? Ta ló ní kẹ́ ẹ gun orí ilé mi?"

"Ẹ káàsán o, sà. Ìyá yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ bá mi di àkàbà mú."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra ni, pé kò sí olùyẹ̀wò tó máa fẹsẹ̀ tẹ òrùlé yìí!"

"Háà, ẹ pẹ́ díẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ń mì."

Kí ló kù kí ọkùnrin ṣe? Ó di àkàbà mú. Bàtà tó kún fún eruku ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà ṣòkòtò iṣẹ́, lẹ́yìn náà ojú obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Zelie Pitre ni mí," ló wí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Màmá Leontine yọrí lójú fèrèsé. "Ovide! Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yẹn lọ láìjẹun o. Mo ti bu ọbẹ̀ gọ́nbò sábọ́."

"Màmá, ọ̀tá wa nìyẹn!"

"Ṣé ọ̀tá kì í jẹun ni?"

Bí wọ́n ṣe jókòó jẹun nìyẹn. Ovide tún ka ìjì mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀. Zelie gbọ́ ọ tán, ó fi búrẹ́dì nu abọ́.

"Páànù yín dáa, ẹ̀gbọ́n. Ìṣó tó dì í mú ló ti rẹ̀. Ẹni tí omi ò gbé lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣé ó ti bá omi mulẹ̀ ni?" Ó jẹ búrẹ́dì náà tán. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìjì bá wa nílé. Ìyá mi gbé mi sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ó fi tìmùtìmù bò mí. Nígbà tí mo yọjú, ojú ọ̀run ni mo rí níbi tó yẹ kí n ti rí àjà. Láti ọjọ́ náà, mi ò sùn sábẹ́ òrùlé tí mi ò mọ ohun tó wà lábẹ́ páànù rẹ̀. Kì í ṣe òfin ló kọ́ mi."

Ovide ò rí ohùn rẹ̀ lò fún èyí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn, ó sì rò pé gọ́nbò ló fà á.

Gọ́nbò kọ́. Láàárín oṣù kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Zelie, tí kò ṣàìsàn rí, ń ṣàìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ Ovide nìkan ni àtúnṣe rẹ̀ sì wà. Wọ́n á jókòó sí èbúté, wọ́n á máa jẹ ẹja díndín nínú bébà, wọ́n á máa wo àwọn igi óákù tí omi iyọ̀ ti pa lóòró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ovide á bú òfin ní gbọ̀ngàn; ní Ọjọ́rú, á bá òfin jẹ ẹja. Ayọ̀ ń bẹ lọ́kàn rẹ̀ tí kò mọ bó ṣe máa gbé e. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé láti dákẹ́ láàárín gbólóhùn.

Àmọ́ etí odò kéré, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé etí ará ilé. Verna, àbúrò rẹ̀ obìnrin, kọ́kọ́ dé.

"Ovide! Nínú gbogbo obìnrin tó wà lórí ilẹ̀! Wọn ò ní sọ pé o ti tà wá? Lálẹ́ ìgbéyàwó, ìṣó bẹ́ẹ̀dì ló máa máa yẹ̀ wò."

"Jẹ́ kó fẹ́ ẹ jàre," ni Bàbá Curley wí, àbúrò bàbá wọn tó ń fi ọkọ̀ pa edé. "Bóyá á gbàgbé òrùlé tèmi."

"Èmi fẹ́ràn rẹ̀," ni Màmá Leontine wí. "Tó bá jẹun tán, ó máa ń fọ abọ́. Ìwọ Verna, ìgbà wo lo fọ abọ́ mi kẹ́yìn?"

Verna dìde, ó lọ fọ abọ́.

Nínú oṣù Kẹrin, ní èbúté, Ovide bi Zelie bóyá yóò fẹ́ òun. Zelie di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú gbogbo ọ̀rá ẹja.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Ovide. Mi ò lè purọ́ fún ẹ. Àmọ́ mi ò lè sùn sábẹ́ òrùlé yẹn. Tún un ṣe, kí n fọwọ́ sí i, kí ìyá ẹ rí oorun sùn, kí èmi náà rí i sùn."

"Kí n wá tẹrí ba fún òfin lójú gbogbo ayé?"

"Fún òfin kẹ̀? Fún mi ni, ọkàn mi. Wò ó, jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é…"

"Má ṣe wàhálà. Mo mọ òfin yẹn ju ẹni tó kọ ọ́ lọ."

Zelie wò ó, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin a máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà mìíràn. Kì í fìgbà gbogbo dáa.

Ovide rò ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó ronú gan-an. Ó ń wo ìyá rẹ̀ ní fàráńdà, tó ń já ewébẹ̀, tó ń bá àwọn ẹyẹ omi sọ̀rọ̀, ó sì ń rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ ní gbọ̀ngàn dùn létí, òótọ́ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bo arúgbó kan lọ́wọ́ òjò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó gbẹ́ ojú odò lọ sókun, tí iyọ̀ fi wọlé pa igi, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n ní nǹkan. Onílé ni wọ́n ń bi. Kò dáa. Àmọ́ ìjì kì í bèèrè ẹni tó jẹ̀bi.

Nígbà tó gbà láti tún òrùlé ṣe, ìṣòro kan ló kù: bí á ṣe ṣe é tí kò fi ní dà bí ẹni tó gbà. Ó bá pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ.

"Òfin kọ́ ló ní kí n ṣe é," ó wí. "Ìfẹ́ ni! A ó sì ṣe é bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é: ọ̀wẹ̀ ni! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún Zelie. Ó máa lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Houma lópin ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi ló máa kàn dé, á sì rí i."

Ó ti ń rí i lójú ara rẹ̀: páànù tó ń dán, òun lórí ilé, fìlà funfun, òrùka nínú àpò.

Ní Sátidé náà, gbogbo etí odò ló wá. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ní gbọ̀ngàn wá. Verna gbé ìkòkò ìrẹsì àti sọ́séèjì tó tó ti ìgbéyàwó wá. Wọ́n tú òrùlé àtijọ́ dànù, wọ́n kan pákó tuntun, wọ́n lo ìṣó olóríkèé tí òfin ní kí wọ́n lò, èyí tó máa ń di igi mú bí alákàn ṣe ń di ìka mú. Wọ́n fi téèpù dí gbogbo ojú àlàfo. Kò sí ẹ̀tàn kan níbẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo owó tí Ovide ní ló bá a lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, páànù ti bo gbogbo rẹ̀, ìkòkò Verna sì ti ṣófo.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Zelie wa ọkọ̀ rẹ̀ dé. Gbogbo ayé dúró nínú ọgbà. Ovide dúró lórí òrùlé.

"Zelie Pitre!" Ohùn náà dún dé òdì kejì odò. "Ìwọ tó o ní o ò lè sùn! Wo ohun tí ìfẹ́ kàn!"

Zelie bo ẹnu. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Èmi lo ṣe gbogbo èyí fún?"

"Ìwọ ni, ọkàn mi." Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ nínú koríko. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ, Ovide. Màá fẹ́ ẹ."

Wọ́n hó yèè. Màmá Leontine ń fi ṣíbí lu ìkòkò.

"Ó yá, ìyàwó wa," ni Bàbá Curley kígbe, "fọwọ́ sí i ká lọ sinmi!"

Zelie nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé àwòrán wá."

"Àwòrán kí ni?"

"Ti pákó, kẹ́ ẹ tó bò ó. Ti ìṣó. Ti téèpù. Ta ló yà á?"

Wọ́n wojú ara wọn. Verna mú fóònù jáde. Ó ya ìkòkò ìrẹsì nígbà tó kún, ó yà á nígbà tó ṣófo. Ó ya Ovide pẹ̀lú òòlù, Ovide láìsí òòlù, Ovide pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Pákó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

"Olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ rí ìpele kọ̀ọ̀kan, tàbí àwòrán rẹ̀, kí wọ́n tó fi òmíràn bò ó," ni Zelie wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú òfin náà ni, Ovide."

"Àmọ́ ọwọ́ mi ni mo fi kàn án! Ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní màá fẹ́ ẹ. Àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí ìgbàgbọ́."

"Ká ṣí igun kan, kó o wò ó."

"Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ní kí n rí. Ìṣó yẹn sì le. Tẹ́ ẹ bá fà á yọ, á ba pákó jẹ́."

Ovide yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó lójú. Bàbá Curley dé fìlà rẹ̀ padà.

"Ọmọ mi, a kì í bẹ ọ̀wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ilé kan. Wọ́n sì ṣí omi fún edé lọ́la. Ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó délé."

Oṣù Karùn-ún parí. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣe ohun tó sọ, báńkì náà ṣe tirẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kan láti ìlú ńlá ló ra ilé náà, ó fẹ́ máa wá pa ẹja lópin ọ̀sẹ̀. Ó sanwó lẹ́ẹ̀kan náà, kò bá báńkì kankan da nǹkan pọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í ní adójútòfò. Ó ní òrùlé náà wu òun.

Ovide àti Zelie ṣègbéyàwó nínú oṣù Keje, wọ́n sì ń gbé nínú ilé Zelie, yàrá méjì ní kọ̀rọ̀ odò, pẹ̀lú Màmá Leontine àti ìkòkò rẹ̀. Ìyàwó ń sùn dáadáa. Ìyá ń sùn dáadáa. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ ò tó wọn, ó purọ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, bí wọ́n ti ń fọ abọ́ pọ̀, Ovide bèèrè ohun tí kò tíì láyà láti bèèrè.

"Sátidé tá a kan òrùlé yẹn. Tó bá jẹ́ pé o ò lọ sí Houma…"

"Mi ò lọ mọ́," ni Zelie wí. "Ilé ni mo wà látàárọ̀. Mò ń gbọ́ òòlù lórí omi. Mo ti gbé kámẹ́rà sórí tábìlì, mo wọ bàtà, mo jókòó. O ti ní o mọ òfin, mo wá ní tó bá jẹ́ ilé ẹ ni, wàá pè mí."