Ẹ Má Bò Ó Pinpin

Òjò àkọ́rọ̀ ló mú wọn pàdé, ní etí ọjà Pobẹ̀, níwájú ìsọ̀ àgbàdo Flavienne.

Ọkùnrin kan ló gun alùpùpù dé, irú èyí tí ojú kì í sábà rí ní ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún. Ó gùn, ó balẹ̀ bí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ọwọ́ rẹ̀ yà bí ìwo ẹfọ̀n, irin ara rẹ̀ sì ń dán bíi dígí. Bí ojú ọ̀run ti ṣú, ọkùnrin náà bẹ́ sílẹ̀, ó fa báàṣì yọ, aṣọ ọ̀rá líle tí àwọn onímọ́tò fi ń bo ẹrù. Ó fi wé alùpùpù náà látòkè délẹ̀, ó fi okùn dì í. Òun fúnra rẹ̀ wá dúró tì í nínú òjò, omi ń ṣàn lórí fìlà rẹ̀.

Flavienne bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ wọṣọ fún irin, ẹ wá fi ara yín sílẹ̀ fún òjò? Ẹ yà síbí o!"

Ó yà sábẹ́ páànù. Ṣàmsídéènì lorúkọ rẹ̀, oníṣòwò abọ́ ní Sakété. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ.

"Àlòkù ni," ó ní. "Èbúté Kútọnu ni mo ti rà á. Láti kékeré ni irú ẹ̀ ti ń wù mí. Mo ní kí n tó di ẹni ọ̀pá, n ó gùn ún."

"Ẹ mà ti sún mọ́ ọ̀pá o!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí òjò fi dá. Ẹ̀rín náà ya Flavienne fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, bàbá Fiacre ọmọ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ọjà tún pé, Ṣàmsídéènì padà wá, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ìyá Fiacre, ẹ gbà mí. Òjò kò kàn án, mò ń bò ó pinpin lójoojúmọ́, síbẹ̀ ìpẹtà ti ń mú un. Ẹ wò ó, ó ń pọ́n bí ilẹ̀pa."

Flavienne ti ọwọ́ bọ abẹ́ báàṣì, ó fà á yọ, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn án. Omi ni.

"Òjò kò rọ̀ lónìí. Níbo lomi yìí ti wá?"

Ṣàmsídéènì gbójú sókè wo ọ̀run. Flavienne mi orí.

"Ó làágùn ni. Ooru ilẹ̀ ń gòkè, báàṣì kò jẹ́ kó jáde. Bí mo bá wé àgbàdo mi báyìí, yóò bu kí ọjà tó pé. Ẹ̀ ń sá fún òjò, ẹ wá há omi mọ́ ọn. Ẹ wá òrùlé fún un, ẹ má wé e."

Ọjọ́ náà niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ha ìpẹtà, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n fi òróró ẹ́ńjìnnì pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣàmsídéènì kọ́ láti máa rọ epo kún táǹkì dẹ́nu, kí ìrì má baà ráyè di omi sínú rẹ̀. Ọjà dé, ọjà lọ, àkísà kan náà ni wọ́n jọ ń fi nù ún.

"Kí ni oríkì yín?" Ṣàmsídéènì bi í lọ́jọ́ kan.

"Àbẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ."

"Àbẹ̀kẹ́," ni Ṣàmsídéènì wí, jẹ́jẹ́. "Àbẹ̀kẹ́ mi. Ìfẹ́ rẹ ti gba ọkàn mi kan. Jẹ́ kí n fẹ́ ọ."

Flavienne gbé àkísà sílẹ̀. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò ní sá kúrò nílé bí ọ̀dọ́mọdé. Fiacre ni yóò fà mí lé yín lọ́wọ́."

"Èmi náà kò ní jí ọ gbé."

Fiacre ni ọmọ kan ṣoṣo tí Flavienne bí, olùkọ́ ní Pobẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó mú ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀, ó kọ́ yàrá fún un, ó ra tẹlifíṣọ̀n sí i. Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ìfẹ́ náà ló fi ń ti géètì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ṣàmsídéènì fún un, ó lọgun.

"Màmá! Ẹ̀yin ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, lẹ́yìn Ìmàle, lórí ẹfọ̀n onírin yẹn? Kí ni ìjọ yóò wí? Kí lẹ fẹ́ tí n kò ṣe fún yín?"

"Kò sí, ọmọ mi."

"Ó dáa. Ẹ ò ní lọ sọ́jà mọ́. Mo ti rẹ́ni tí yóò máa bá yín tajà."

Ṣàmsídéènì kò bínú, kò sì padà lẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń dúró níwájú géètì náà.

"Olùkọ́, ẹ kú àárọ̀ o. Mo wá kí Màmá."

"Màmá ń sinmi."

"Kò burú. N ó padà wá."

Àwọn onízẹ́míjàn, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, òjò á jẹ irin yẹn tán kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn o!"

"Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó."

Òjò rọ̀, òjò tún rọ̀, alùpùpù náà ń dán. Nínú yàrá rẹ̀, Flavienne a gbọ́ ìró rẹ̀ bó ti ń bọ̀, a sì gbọ́ bó ti ń lọ. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó dìde.

"Fiacre, wá bá mi tú báàṣì yẹn."

Kẹ̀kẹ́ bàbá Fiacre ló wà lábẹ́ rẹ̀, ní igun àgbàlá. Fiacre ló fọwọ́ ara rẹ̀ wé e lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Màmá, mo ti bò ó dáadáa."

"Tú u."

Ó tú u. Òórùn ebu kọlù wọ́n. Ìjókòó ti jẹrà, ṣéènì ti lẹ̀ pọ̀. Fiacre di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú, ó dá mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Òjò kò kàn án rí, Màmá," ó ní. "Kò kàn án rí!"

"Mo mọ̀. Ìfẹ́ lo fi bò ó. Ìfẹ́ náà lo fi bo èmi náà. Òjò kankan kò kàn mí nílé rẹ, Fiacre. Wò mí dáadáa."

Fiacre wò ó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ìyá rẹ̀ ti rù tó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú irin jíjẹrà náà lọ́wọ́, ó sunkún.

Lọ́jọ́ ọjà, kí alùpùpù tó dé, géètì ti ṣí gbayawu. Fiacre dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ wọlé. Ẹ gbé e wọlé pẹ̀lú."

Ní Sakété ni ìgbéyàwó náà wáyé. Ìmáàmù ṣàdúà, àwọn aláṣọ funfun náà gbàdúrà. Flavienne kò bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, Ṣàmsídéènì kò ṣí fìlà. Fiacre nìkan la kò rí. Àwọn èèyàn ti ń kùn nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, òpó igi tíìkì àti páànù ló kó. Fiacre bọ́ síta, ó ká apá aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ràúdátù, ẹ̀gbọ́n Ṣàmsídéènì, kò lè pa á mọ́ra. "Olùkọ́, ilé wo ni kò lógiri?"

Fiacre wo ìyá rẹ̀. "Kò ní lógiri, Màmá. Òrùlé alùpùpù ni, kí atẹ́gùn lè máa dé ibẹ̀."

Flavienne gun ẹ̀yìn alùpùpù náà, aṣọ funfun rẹ̀ ká mọ́ orúnkún.

"Àbẹ̀kẹ́, dì mí mú."

Ó dì í mú. "Rọra o, olówó orí mi," ó ní. "Má sáré. Ọ̀pá ṣì jìnnà."