Ìbuwọ́lù Ara Fọ́tò Bàbá Gbádégẹṣin

"Ṣé olórin ló kọ èyí ni, àbí aláǹgbá ló fẹsẹ̀ tẹ yíǹkì?" Dammy bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ́ṣaléwá gba fọ́tò náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Gbádégẹṣin, ni awakọ̀ tó gbé Ezra Dennis, gbajúgbajà olórin òkè òkun, kiri nígbà àjọ̀dún àṣà ọdún 1977 tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ àdúgbò Festac ní Èkó. Ìbuwọ́lù olórin náà lára fọ́tò yìí nìkan ni ẹ̀rí bàbá, ó sì ti ṣá. Lọ́la, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún ìpàtẹ ohun àtijọ́ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Amúwo. Àwọn tó ń pe bàbá ní "Bàbá Alásọdùn" nítorí ìtàn yìí yóò wà níbẹ̀.

Bí Dammy ti lọ, Ṣaléwá mú báírò, ó rọra tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan títí orúkọ náà fi dúdú kirikiri. Ó dá a padà sínú Bíbélì bàbá láìjẹ́ kí bàbá mọ̀. Ó rò pé oore lòun ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyáàfin Bernice, ẹni tó máa ń yẹ ìbuwọ́lù wò, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo fọ́tò náà.

"Bàbá, báwo ló ṣe dé ọwọ́ yín? Ta ló ti fọwọ́ kàn án látìgbà náà? Ìbuwọ́lù tí kò ní ìtàn, bí ọmọ tí kò mọ ilé ni."

"Ìṣojú mi ló ti kọ ọ́, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Inú Bíbélì mi ló wà láti ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò fi kálàmù kàn án mọ́. Ọlọ́run gbọ́."

Ìyáàfin náà gbé awò tí ń mú nǹkan tóbi sójú. "Bàbá, yíǹkì yìí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan."

"Bàbá Alásọdùn! Wọ́n tún ti dé!" ẹnìkan pariwo lẹ́yìn.

Ṣaléwá mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Òpùrọ́ ni wọn yóò máa pe bàbá títí dọjọ́ ikú.

Ó kúnlẹ̀. "Mà, èmi ni. Èmi ni mo fi báírò tẹ̀ lé e lánàá. Bàbá ò mọ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."



"Ọmọ mi," ni Ìyáàfin Bernice wí, "èyí tó ṣá yẹn ni ǹ bá jẹ́rìí sí. O ti bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí i mọ́ láé."

Wọn kò gba fọ́tò náà sí ìpàtẹ. Lójú ọ̀nà, bàbá gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ náà.

"Ó dùn mí, Ṣaléwá, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ò bá ti fi ẹ̀sùn yẹn sílẹ̀ sí mi lọ́rùn. O ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òtítọ́ kì í wá ẹni tí yóò kun òun lọ́dà. Ẹni tó ń tún un ṣe ló ń bà á jẹ́. Ìjẹ́wọ́ lè gba orúkọ ẹni là, ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn.