Àpò Dídán Tí Sàídì Yàn

Páù! Páù!

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ilé ìwé kan kọjá ní Agbowó nírọ̀lẹ́, lọ́dún 1984, ìró yẹn lẹ ó máa gbọ́. Ó mọ́, ó gbẹ, bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Rákẹ́ẹ̀tì ló ń pàdé bọ́ọ̀lù oníìyẹ́ lókè àwọ̀n. Ìbàdàn ìgbà náà kò tíì kún tó báyìí. Bí ará Bódìjà bá sín, ará Agbowó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kí i.

Sàídì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà, kò sì lè gbọ́ ìró kan kó má wádìí ohun tó ń dún. Ó tọ tíṣà eré ìdárayá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n fi ṣe okùn rákẹ́ẹ̀tì yìí tó fi ń dún tó báyìí?"

"Ìfun màlúù."

"Ìfun màlúù bíi ti inú ọbẹ̀, sà?"

"Òun gan-an. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n sì sá a gbẹ."

Mẹ́rin péré ni irú rákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ tí ilé ìwé náà ní. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ kan ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti òkè òkun, kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè rí okùn náà rà ní gbogbo Dùgbẹ̀. Ìdíje bádímíńtìnì àwọn ilé ẹ̀kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ring Road. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ wo Sàídì títí, ó ní:

"Ìwọ tó o fẹ́ràn ìbéèrè, ìwọ ni kó o bá wa wá àpò tí a ó fi gbé wọn. Kó gùn tó, kí ọwọ́ rákẹ́ẹ̀tì má yọ síta. Kó jẹ́ aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, torí ooru máa ń ba okùn jẹ́. Kí bọ́ọ̀lù ní àyè tirẹ̀, kí nǹkan kan má tẹ ìyẹ́ rẹ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé kó má jẹ́ àpò tó ti gbé oúnjẹ rí."

"Kí ló dé, sà?"

"Aago ti lù. Ṣáà ṣe bí mo ṣe wí."

Àwọn òbí Sàídì wá láti Ṣakí, Bódìjà ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tó ròyìn fún ìyá rẹ̀, Bàdírátù, ìyá náà fa ṣòkòtò kákí kan yọ, èyí tí bàbá Sàídì fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó rán wọn pọ̀, ó fi okùn sí ẹnu rẹ̀, kò sì tú àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Sàídì gbé e dání, ó ń wádìí. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ki igi gígùn bọ̀ ọ́, igi náà wọlé tán. Bọ́ọ̀lù márùn-ún wọ àpò ẹ̀gbẹ́ láìfún ara wọn. Kò sí ohun tí tíṣà bèèrè tí kò sí níbẹ̀.

Àmọ́ bó ṣe gbé e jáde ni Àkànmú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pariwo:

"Ẹ wá wò ó o! Ṣòkòtò ń jáde lọ, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀! Ọ̀gá rélùwéè, Ọ̀fà lẹ ń lọ ni àbí Kano?"

Gbogbo ọmọ àdúgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Sàídì sáré wọlé padà. Lókè kọ́bọ́ọ̀dù ni àpò dúdú dídán kan wà, tó gùn, tó ní síìpù, tí wọ́n kọ èdè òyìnbó sí lára.

"Ìyẹn kọ́ o," ìyá rẹ̀ wí. "Òun la fi gbé ẹran Iléyá bọ̀ láti Ṣakí. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rá ò kúrò nínú aṣọ inú rẹ̀. Sàídì, aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, Sàídì ki orí bọ inú àpò náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹran díndín! Ó da pàúdà sí i. Ó tún gbóòórùn. Pàúdà ló kù. Ó gbé e lọ sílé ìwé.

"Àpò yìí mà dára o," ni Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ wí lọ́jọ́ Ẹtì. "Kò gbé oúnjẹ rí?"

"Rárá o, sà. Tuntun ni."

Wọ́n kó rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí. Ọwọ́ Moróunkẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọmọbìnrin tó mọ bádímíńtìnì gbá jù nílé ìwé náà. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló ráhùn pé àwọn ọkùnrin nìkan ló ń fi rákẹ́ẹ̀tì gidi gbá.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n bá okùn rákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ní jíjá yánnayànna.

"Moróunkẹ́, abẹ lo fi gé e, àbí kí ni? O ò kúkú fi ìbínú rẹ pa mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì!" ni Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ wí.

"Sà, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ṣí síìpù yẹn!"

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. O ò bá wa lọ sí Ring Road mọ́."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ìwádìí ò jẹ́ kí Sàídì sinmi. Ó wo ẹnu okùn: kò gún bí ohun tí abẹ gé, ó rí wúruwùru. Ó tú inú àpò síta. Ihò kékeré kan wà ní igun rẹ̀, aṣọ inú rẹ̀ sì ti di jíjẹ. Ìgbẹ́ èkúté rọ̀jọ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e: ọ̀rá ẹran Iléyá ló pe èkúté wá, èkúté wá bá ìfun màlúù nílé.

Ó sọ fún Àkànmú.

"Panu mọ́, jàre! Bó o bá sọ ọ́, ìwọ ni wọ́n máa yọ."

Ó panu mọ́. Wọ́n fi rákẹ́ẹ̀tì yẹpẹrẹ lọ síbi ìdíje lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Àyè Moróunkẹ́ ṣófo, wọ́n sì pàdánù ìdíje tirẹ̀ láìgbá a. Bí Sàídì ṣe gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin náà lẹ́yìn ọgbà, nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ó wọkọ̀ wá wò wọ́n fúnra rẹ̀. Nígbà tí Sàídì gba àmì kan, Moróunkẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ yẹn dùn ún ju ẹgba lọ. Kò gba àmì mìíràn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo kíláàsì ti ń pe Moróunkẹ́ ní Ìyá Abẹ. Ó tẹ orí mọ́ tábìlì, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ, àpò tó dára ni èyí tó bá ohun inú rẹ̀ mu, kì í ṣe èyí tó ń dán lójú ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá sì fi irọ́ bo àṣìṣe rẹ̀, ọrùn ẹni ẹlẹ́ni ló ń gbé ẹrù rẹ̀ kọ́. Sàídì mọ èyí kó tó fa bébà ya nínú ìwé rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀kan há inú ìwé Moróunkẹ́, ó sì ti èkejì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn tíṣà, pẹ̀lú ègé okùn kan nínú rẹ̀:

"Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ sà, Moróunkẹ́ kò fọwọ́ kan okùn yẹn. Èkúté ló jẹ ẹ́, èmi ni mo sì pè é wá. Àpò náà kì í ṣe tuntun. Òun la fi gbé ẹran Iléyá, mo sì mọ̀ kí n tó yàn án. Ẹ wo okùn yìí dáadáa, ẹ ó rí ibi tí eyín kàn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka ìwé yìí sókè ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí gbogbo àwọn tó ń pè é ní Ìyá Abẹ gbọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, èmi á ti dúró síwájú. Èmi ni, Sàídì."